Àpáta Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ohun méjì ni ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé mi ní kí n ṣe kí òun tó sanwó. Àkọ́kọ́, kí n kó ẹrù kúrò, kí n sì fọ gbogbo ilé náà mọ́ tónítóní. Ìkejì, kí n fọ́ àpáta ẹ̀yìnkùlé.

Sìmẹ́ńtì ló ń tà ní Ìgbó-Ọrà. Kì í ṣe ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láàárín wa. Ó dúró lẹ́bàá àpáta náà, ó fi ẹsẹ̀ tì í bí ẹni ń ti màlúù tó sùn sójú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé yín wù mí. Ṣùgbọ́n èyí ńkọ́? Tí a bá pín ilẹ̀ yìí sí mẹ́ta, àpáta ti gba ìdá kan. Níbo ni ọkọ̀ sìmẹ́ńtì fẹ́ ti yí orí padà?"

Mo ní n ò mọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun táyà lé e lórí. Tó bá di ọjọ́ mẹ́ta, yóò là. Wọ́n á fi òòlù fọ́ ìyókù. Tí mo bá dé lẹ́yìn ọdún tuntun, kí n bá ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ pé màá ṣe é, mi ò sì sọ pé mi ò ní ṣe é. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ. Mo mọ̀ pé ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu nìyẹn. Àwọn ènìyàn á bá a fi ọ̀rọ̀ tiwọn dí àyè náà.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Obìnrin mẹ́sàn-án ló ń sá láfún lórí àpáta yẹn. Ìyàwó mi ló pè wọ́n síbẹ̀, ó sì ṣèlérí fún wọn pé kò sí ẹni tó máa lé wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi ti kú. Èmi nìkan ló kù tó lè mú ìlérí náà dúró, tàbí kí n bà á jẹ́.

Kì í ṣe pé ilé náà sú mi ni mo fi ń tà á. Ìyá mi wà ní Ìdèrè. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú ilé bàbá mi. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wá máa bá mi gbé. Ó ní òun ò ní fi ilé ọkọ òun sílẹ̀ kí òun wá di àlejò lọ́dọ̀ ọmọ òun. Òrùlé ilé náà ń jò, ògiri apá ẹ̀yìn sì ti wó. Ẹnì kan ní láti lọ bá a gbé, ẹni náà sì ní láti tún ilé ṣe. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó ní.

Ọmọ tèmi náà, ẹyọ kan ni. Nọ́ọ̀sì ni, Ìbàdàn ló ń gbé. Mo pè é lórí fóònù, mo sọ fún un.

"Bàbá mi, ilé tí ẹnikẹ́ni ò bá gbé, wíwó ni yóò wó. Ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó ẹrù."

Mo ní ó dáa.

Iṣẹ́ wólé-wólé ni mo ń ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó dé ilé ìwé. Oko ni mo ti ń bá bàbá mi lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni mo wà nígbà tí wọ́n mú mi lọ, lákòókò tí wọ́n ṣì ń ní kí ọmọ na ọwọ́ gba orí kọjá kí wọ́n wò ó bóyá ó kan etí. Tèmi kọjá etí, ó dé ọrùn. Tíṣà ní bóyá èmi ni mo mú ọmọ wá. Mo ti dàgbà dáadáa kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fún mi ní kákí àti máṣíìnì. Láti ìgbà náà, ilé onílé ni mo ń wọ̀. Mo ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíjí ń jó nínú omi. Mo ń yọjú sí ṣáláńgá. Mo ń fi ìka ra abẹ́ tábìlì ní ilé oúnjẹ. N ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, nígbà tó di pé kí n fọ ilé tèmi, mo mú bíírò àti ìwé bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni mo wọ̀. Mo kọ àbùkù yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Òwú aláǹtakùn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé agbọ́n lókè fèrèsé. Dúdú èéfín lórí òrùlé ilé ìdáná. Tó bá jẹ́ ilé onílé ni, ǹ bá ti kọ sámáńsì.

Pálọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìjọ wà lára ògiri. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí a yọ ti àtijọ́. Bí ọdún bá ti yí, yóò gbé tuntun kọ́ sórí ìṣó kan náà. Èmi ò gbé òmíràn kọ́ mọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Mo yọ ti òkè, mo bá ti abẹ́ rẹ̀, mo tún bá ti abẹ́ ìyẹn. Méjìdínlógún ni wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ọ̀dà ògiri ṣì jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run bí a ti kùn ún lọ́jọ́ tí a kó wọlé. Gbogbo ibi tó kù ti di àwọ̀ eérú láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ṣí wọn. Ọjọ́ tó bá rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, yóò fi bíírò fa ìlà kékeré sórí ọjọ́ náà. Ọjọ́ tó bá kó láfún rẹ̀ kúrò lórí àpáta, yóò fa òmíràn dábùú ti àkọ́kọ́. Ọdún méjìdínlógún, ìlà àti ìdábùú. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìlà kan wà tí kò ní ìdábùú. Mo mọ ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin ló bá a yọ ẹ̀gẹ́ yẹn nínú omi, wọ́n bá a sá a, wọ́n bá a kó o. Ilé ìwòsàn ni òun wà. Kò padà wálé. Itẹ́ ìjọ ni a sin ín sí.

Mo ká gbogbo kàlẹ́ńdà náà, mo dì wọ́n. Mo lọ sí ilé ìdáná.

Àmù ńlá kan wà níbẹ̀ tí a kì í gbé. Mo yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúrò lójú àyè. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ìgò oògùn ìfọlẹ̀ méjì, oògùn dúdú yẹn tí í sọ omi di funfun bí wàrà. Ọ́fíìsì ni mo ti mú wọn wálé. Mo ti wá wọn títí nígbà kan, mo rò pé mo gbàgbé wọn sí ọjà. Ìyàwó mi ló fi wọ́n pamọ́. Kò fẹ́ òórùn rẹ̀ rárá. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní kọ́kọ́ kí mi. Yóò fa imú.

"Wólé-wólé, ẹ tún ti rùn bí ilé ìwòsàn dé. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ."

Wólé-wólé ló pè mí títí dé òpin. Nígbà tí a bímọ, ó gbìyànjú láti máa fi orúkọ ọmọ pè mí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà sí ti àkọ́kọ́.

Mo gbé ìgò méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ kí n ti rò ó pé ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ní ìdí.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ kákí ni mo pàdé rẹ̀. Etí títì tó lọ sí Ẹ̀rúwà ni àwọn obìnrin àdúgbò ń sá láfún sí nígbà yẹn. Bí ọkọ̀ bá kọjá, eruku á bò ó, epo mọ́tò á ta sí i, ewúrẹ́ á gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá mi rán mi lọ lé wọn. Mo gun máṣíìnì débẹ̀, mo ní kí wọ́n kó o kí n tó ka ẹẹ́wàá. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí kó o. Ọmọbìnrin kan kò kó tirẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń lé adìyẹ.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ta ló ni títì?"

"Ìjọba."

"Ìjọba ò jẹ láfún?"

"Ìjọba kì í jẹ láfún tí epo mọ́tò wà nínú rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ fi ibi tí ìjọba ní kí a máa sá a sí hàn wá. A ó kó o débẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀yin náà ẹ bá wa fi máṣíìnì yín gbé díẹ̀."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ sámáńsì fún un. Ó gbà á, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀.

Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, mi ò mú ìwé sámáńsì dání.

Nígbà tí a ti fẹ́ra, tí a sì ti bí ọmọ, mo ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n tà á fún mi ní ọ̀pọ̀ nítorí àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì ń pè mí ní olókùúta. Ojú tì mí láti mú ìyàwó mi lọ wò ó. Ọ̀sán gangan ni a débẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó rìn gun orí àpáta náà títí dé àárín, níbi tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ibí yìí gbóná dáadáa," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wojú mi. "Wólé-wólé, ẹ ti wá rí ibi tí ìjọba ní kí a máa sá a sí."

Ọ̀sẹ̀ tí a kó wọlé náà ló lọ pe àwọn obìnrin etí títì. Mo wà ní fèrèsé, mo gbọ́ ohun tó sọ fún wọn.

"Ẹ máa bọ̀ níbí. Níwọ̀n ìgbà tí ilé yìí bá ń jẹ́ tiwa, kò sí ẹni tó máa lé yín padà sí títì."

Kò bi mí kó tó sọ ọ́. Kò sì yẹ kó bi mí.

Wọ́n pín àpáta náà láàárín ara wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi pààlà, kálukú sì mọ àyè rẹ̀. Àárín tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fún ìyàwó mi. Láti ìgbà náà, ìró agbọ̀n àti abọ́ ló ń jí mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti lọ tán, ooru ṣì máa ń wà nínú àpáta náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó lé e. Ọmọ mi á máa ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un, ìyàwó mi á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á ní ooru náà ń wo orúnkún òun sàn. Kò sí nǹkan tí mo tún fẹ́.

Ọdún mẹ́ta tó ti kú, kò sí ẹni tó sá ohunkóhun sí àárín yẹn. Òkúta mẹ́fà tó fi pààlà ṣì wà níbẹ̀.

Mo fọ gbogbo ilé tán ní ọjọ́ Sátidé. Ó ku àpáta. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ronú ohun tí màá sọ fún onísìmẹ́ńtì, mi ò rí i. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí ó bá dé tó rí i pé àpáta náà mọ́ bí ilẹ̀ pálọ̀, bóyá yóò dá a sí. Ìmọ́tótó nìkan ni mo mọ̀ láti fi bẹ ènìyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sí láfún lórí rẹ̀, mo da ìgò oògùn méjèèjì sínú garawa omi. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo fi orúnkún lélẹ̀. Mo fọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti inú gbogbo ihò rẹ̀. Mo fọ yí òkúta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká, mi ò ṣí wọn nípò. Nígbà tí mo parí, ó ń dán. Inú mi dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ yẹ ọjà wò ní Ìdèrè. Àwọn obìnrin dé, wọ́n sá ẹ̀gẹ́ wọn sórí àpáta. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́sẹ̀ náà, ó ti dí gbogbo wa nímú. Kò sí ẹni tó gbọ́ òórùn kankan. Ọjọ́rú ni wọ́n kó láfún, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ̀ ọ́, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e kaná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo bá gbogbo wọn níta. Ìyá Ìbejì ló ṣáájú, ẹni tí ilé rẹ̀ dojú kọ tèmi. Abọ́ tí wọ́n dé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Kò pè mí ní sà rí. Ó ṣí abọ́ náà. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Mo gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ni?"

"Láfún ni."

"Láfún nìkan?"

Mo tún fa imú.

"Ìkan nínú àwọn ọmọ mi bi mí pé ṣé abẹ́rẹ́ ni a ó fi jẹ ẹ́. Èkejì sùn láìjẹun."

"Tìrẹ dáa," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn. "Ọkọ tèmi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó dùbúlẹ̀, ó ní kí n lọ pe dókítà wá kí òun lè mọ̀ bóyá òun ti yè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ la àárín wọn kọjá. Òun ló dàgbà jù, ó sì wà lára àwọn tí mo lé kúrò létí títì lọ́jọ́ kìíní.

"Kí lo fi fọ àpáta wa?"

"Oògùn ìfọlẹ̀, Ìyá."

"Oògùn? Ṣé àpáta sọ fún ọ pé inú ń run òun ni?"

"Mo fẹ́ kí ó mọ́ ni."

"Fún ta ni?"

Mo wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì dáhùn ìyẹn. Mo sọ fún wọn. Mo ní mò ń ta ilé, kí n lè lọ tọ́jú ìyá mi. Mo ní ẹni tó fẹ́ rà á ní kí n fọ́ àpáta. Mo ní mo rò pé bí ó bá mọ́ tó, ọkùnrin náà lè jẹ́ kó wà. Mi ò rò pé mo tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ìyá Ìbejì dé abọ́ rẹ̀ padà. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí nu ojú. Ìyá Àgbà nìkan ni kò gbé ojú kúrò lára mi.

"Láti ìgbà tí o ti wọ kákí," ló wí, "ni o ti ń fẹnu sọ fún wa pé ká kó láfún wa kúrò. Lọ́jọ́ tó wá yẹ kí o fẹnu sọ fún ẹlòmíràn pé kó gbé ara rẹ̀ kúrò, búrọ́ọ̀ṣì lo gbé."

"Òótọ́ ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mi ò ní kí o bá mi jẹ́rìí."

Ìyá Ìbejì já ewé ẹ̀gẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó nà án sí mi.

"Sámáńsì yín rèé. Ẹ fara hàn lórí àpáta lọ́la, aago méje. Ẹ mú kànhìnkànhìn tiyín dání. Tí ẹ ò bá wá, ẹ ó san owó ìtanràn."

Bí mo ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó mọ ọ́n sórí. Mo gba ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago méje kò tíì lù nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Eérú àti omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan ni wọ́n fi fọ ọ́. A da omi lé e, a fọ ọ́, a jẹ́ kí oòrùn pa á, a tún fọ ọ́. Wọ́n ń ṣí òkúta ààlà wọn kúrò kí wọ́n lè fọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé àárín, gbogbo wọn dúró. Èmi ni mo ṣí òkúta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Abẹ́ wọn funfun, ìyẹ̀fun láfún ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ẹfun. Mo fọ ọ́ díẹ̀, mo dúró. Ìyá Àgbà rí mi.

"Fọ ọ́ mọ́. Ìyàwó rẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n fi ìdọ̀tí ṣe ìrántí òun."

Mo fọ ọ́ mọ́.

"Dá àwọn òkúta náà padà síbi tí o ti mú wọn. Ìtanràn rẹ kù. Láfún gbogbo wa ló bàjẹ́. O ní ẹ̀gẹ́ lóko?"

Mo ní ó wà, ní ọ̀nà Ìdèrè.

"Tu ú. Ìwọ ni wàá bó o, ìwọ ni wàá rẹ ẹ́, ìwọ ni wàá sá a. Àárín ni wàá sá a sí. Ó ti tó kí ibẹ̀ ṣiṣẹ́."

Mo gba ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo tu ẹ̀gẹ́, mo fi máṣíìnì kó o wálé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo jókòó láàárín wọn, mò ń bó o. Wọ́n ní mò ń bó o bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun. Ìyá Ìbejì bó mẹ́ta kí n tó bó ẹyọ kan. Mo rẹ ẹ́ sínú àgbá. Nígbà tó rọ̀, mo gbé e lọ sórí àpáta. Ọ̀sán ti pọ́n. Mo bọ́ bàtà, nítorí pé àwọn náà bọ́ tiwọn.

Láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé náà, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo máa ń jókòó lórí rẹ̀. Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ lásán dúró lé e lọ́sàn-án rí. Ó jó mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Ohun tí ìyàwó mi mọ̀ lára lọ́jọ́ kìíní yẹn, tó fi dákẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Fọ́n ọn ká," ni Ìyá Àgbà kígbe. "Má kó o jọ bí adìyẹ tó sàba."

Mo fọ́n ọn ká láàárín òkúta mẹ́fà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí màá sọ fún onísìmẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀.

Ó dé ní ọ̀sẹ̀ kejì ọdún tuntun. Ó ń yí yàrá ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé mọ́ o! Àbí ilé ìwòsàn lẹ fẹ́ kí n fi ṣe ni?"

Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àpáta funfun báláú, láfún bò ó. Obìnrin mẹ́sàn-án dúró lórí rẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Kí ni mò ń rí yìí?"

"Ilé ni mò ń tà," ni mo wí. "Mi ò ta àpáta. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bínú."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé eré nìyí?"

"Rárá o."

"Láfún! Láfún lẹ fẹ́ tìtorí rẹ̀ lé oníbàárà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dúró bóyá màá fi nǹkan kún un. Ìyá Àgbà pè é láti orí àpáta.

"Ọmọ mi, wá jẹun ná kí o tó bínú. Kò sí oògùn nínú ti ọ̀sẹ̀ yìí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí i mú. Ṣùgbọ́n ó mi orí, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá.

Ilé náà wà nílẹ̀ fún oṣù méjì. Òjò àkọ́kọ́ ti ń ṣú nígbà tí tíṣà méjì, tọkọtaya, wá wò ó. Mo fi àpáta hàn wọ́n kí n tó fi pálọ̀ hàn wọ́n. Mo pe awọnlẹ̀, ó yọ àpáta kúrò nínú ilẹ̀ tí mo tà, ó sì fa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n san kéré sí ti onísìmẹ́ńtì. Ó tó òrùlé ilé bàbá mi, kò tó ògiri ẹ̀yìn. Èmi fúnra mi ni mò ń mọ ògiri náà díẹ̀díẹ̀. Kí a tó kọ ọwọ́ sí ìwé, ìyàwó tíṣà bi mí bóyá òun lè máa sá ata síbẹ̀. Mo ní kó lọ bi Ìyá Àgbà. Wọ́n fún un ní àyè kan ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ewúrẹ́ ń gbà. Wọ́n ní tó bá pẹ́, yóò gòkè.

Ìdèrè ni mo ń gbé báyìí. Mo ń ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Mo gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sí yàrá mi, mo sì so bíírò mọ́ ọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, mo rẹ ẹ̀gẹ́, mo sì gbé e lọ sí Ìgbó-Ọrà lọ sá láàárín òkúta mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni ò fún mi ní sámáńsì lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí mo gbé láfún náà dé, ìyá mi kúnlẹ̀ sídìí ààrò, ó rò ó. Ó bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ń fi ahọ́n wá nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ta ló sá èyí?"

"Èmi ni."

"Kò gbẹ dénú. O sá a nípọn jù."

"Mo gbọ́."

"Ìyàwó rẹ ì bá ti sọ fún ọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bu òmíràn, ó sì jẹ ẹ́ tán.